Erùpẹ̀ Kò Ní Ìwé Ìrìnnà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù
ní èbúté Bremerhaven, níbi tí atẹ́gùn òkun
ti máa ń já fìlà gbà lórí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́.
Mo ti fi òǹtẹ̀ lu ìwé ohun tó lè pa odidi ìlú rẹ́,
ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá,
ọkọ̀ ogun mọ́kànlélógójì tò sẹ́yìn ara wọn.
Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n,
wọ́n ń ha ẹrọ̀fọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ irin wọn
bí ìyá tó ń nu etí ọmọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta,
torí òfin ìlú wọn ni pé ìbọn lè wọlé,
kòkòrò inú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé.
Ìwé kan ṣoṣo. Òǹtẹ̀ kan. Gbà!
Mọ́kànlélógójì rọ́ gììrì wọ inú ọkọ̀ ojú omi,
kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ni wọ́n kí kù níbi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹrù ilé dé.
Sájẹ́ǹtì Pettway, àti Corinne ìyàwó rẹ̀,
àpótí igi mẹ́fà:
àga mẹ́rin, ọ̀kan ti kán lẹ́sẹ̀;
ẹ̀rọ ìfọṣọ tí iná ọ̀hún kò ní lè gbé;
aago ara ògiri tí ẹyẹ inú rẹ̀ ti yadi;
ibùsùn ọmọ ọwọ́, ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀.
Mò ń kà á, mò ń fàmì sí i, n kò ronú kan nǹkan kan.
Nọ́mbà kẹtàdínláàádọ́ta: ìgò jáàmù. Ohun inú rẹ̀: ti ara ẹni.

Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.
Erùpẹ̀ ni. Ó dúdú, ó rin díẹ̀,
gbòǹgbò koríko kan wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú.

“Ìyáàfin, erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá.”
Kò bá mi jà. Ó ní,
“Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí a gbé ni mo ti bù ú.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wa.”
Sájẹ́ǹtì ń wo bàtà ara rẹ̀.
Bàtà náà mọ́ tónítóní.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.
Mo ríran. Mo rí ìlà kẹsàn-án nínú ìwé òfin,
mo rí ọ̀gá mi, Tjarks, lẹ́yìn gíláàsì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí.
Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
ìwọ tí ò ń gbé gbogbo wa mì láìbéèrè òǹtẹ̀,
kí ló dé tí ẹ̀kúnwọ́ rẹ kan péré
fi di ọ̀daràn lẹ́nubodè?

N kò ní purọ́ pé mo ṣe akin.
Mo kọ ọ́ pé, “A gbà á,” mo fọwọ́ sí i.
Ó ní kí n ṣáà fún òun ní ìgò náà.
Mo da erùpẹ̀ sínú ife tíì mi níṣojú rẹ̀,
mo fọ ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì, mo nù ún gbẹ.
Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.
Nọ́mbà kẹtàdínláàádọ́ta: ìgò kan, òfìfo. Kò sí owó ibodè.

Iná ìléru ló yẹ kí irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀.
“Wiebke,” ni Tjarks wí, “kí ni ife rẹ ń ṣe lójú fèrèsé?”
Mo ní ó ti sán.
Lóṣù kẹrin, koríko kan yọrí níbẹ̀. N kò gbìn ín.

Wákàtí mẹ́fà ni abúlé náà sí ibí,
kò sí ibodè kankan lójú ọ̀nà.
N kò tíì lọ.