Díẹ̀díẹ̀ Lawọ Ń Jeku

Ilẹ̀kùn ilé eku ń ké kíì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.
Òórùn èérún pákó àti ìtọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi
kí ọ̀gá tó dé láti Ògo-Olúwa.
Ọgbọ̀n àgò, eku funfun kọ̀ọ̀kan,
ọgọ́ta ojú pupa
tí kò rí oòrùn Òṣogbo rí.

Lọ́sẹ̀ kìíní, a fá irun ẹ̀yìn wọn.
Dókítà Adégẹyè kán oògùn àkọ́kọ́ sí i,
ẹ̀ẹ̀kan péré,
ó gbẹ kí n tó ka ẹẹ́wàá.
Mo wò ó títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
"Ó ti wọlé," ni wọ́n wí. "Ó ń sùn ni,
bí ẹ̀pà tí a gbìn lẹ́ẹ̀rùn."

Oògùn kejì ni òjò rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lójú ibi kan náà,
bí ìyá mi ṣe ń ti aṣọ bọ kòkò aró ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
tì í bọ̀ ọ́, gbé e, sá a, tún tì í bọ̀ ọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan kì í sọ aṣọ di dúdú, Ìyá a máa wí.
Àtúnṣe ni. Àtúnṣe ni.

Lọ́sẹ̀ kẹjọ, mo fọwọ́ kan eku kẹrìndínlógún
(a kì í sọ wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n Oyin ni mò ń pè é).
Kókó kan wà níbẹ̀, kò ju orí ìṣáná lọ.
Lọ́sẹ̀ kẹwàá, ó di mẹ́ta.
Ọ̀gá ń wọ̀n ọ́n, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀:
mílímítà méjì, mẹ́ta, márùn-ún.
Púpọ̀ nínú wọn ò ní ṣe nǹkan kan,
bí oògùn bá dúró, òmíràn á rá.
Àfi ọ̀kan tó bá kọ̀, tó ta gbòǹgbò sísàlẹ̀,
tó gbàgbé pé awọ ni òun.

Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.
Ẹ wá wo yàrá wa.

N ò tíì sọ fún ọ̀gá nípa Ọ̀ṣúndélé,
ẹ̀gbọ́n mi, àfín, bíríkìlà ní Òkè-Baálẹ̀,
tó ti ń to búlọ́ọ̀kù láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.
Oòrùn ò ka ọ̀sẹ̀,
ojoojúmọ́ ló ń kán tirẹ̀.
Egbò kan wà létí òsì rẹ̀ tí kò jinná láti Iléyá.
Ó ní kòkòrò ló jẹ òun.
Ó fi fìlà abetí-ajá bò ó.

Lálẹ́ àná mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.
Ìka mi dá a mọ̀ kí ojú mi tó dá a mọ̀.
Mo ka mílímítà sínú, ẹnu mi ò sọ.
Ó ní, "Kí lo ń wò mí sí bí ẹni ń wo eku?"

Lónìí mo jókòó ti àgò Oyin,
ó ń họra.
Oyin, ọ̀sẹ̀ wo la wà?
Mo ń gbọ́ ọkọ̀ ọ̀gá lẹ́nu géètì.
N ó bi wọ́n,
kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́.