Ibi tí Atẹ́gùn ti ń Jò

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Oyèpèjú wọlé dé,
ó fi ìwé méjì sórí tábìlì mi l'Árówómọlé.
"Ẹ bá mi wò ó, sà. Yunifásítì ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.
Ọ̀túnla ni wọ́n á tilẹ̀kùn."
Mo wọ awò ojú mi, mo kà á sókè:
"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi sáyé
ni ìfẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń jó bí iná nínú ọkàn mi.
N ó gbé orílẹ̀-èdè mi dé èbúté ògo."

Mo ní, ọjọ́ tí ìyá rẹ bí ọ, ọmú lò ń wá.
Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
Ta ló kọ èyí?
"Èmi ni, sà. Mo wo ti Àlàádé.
Àlàádé náà wo ti ẹnì kan ní Sábó."

Ọmọ mi, àròkọ là ń pè é.
À rò, kí á tó kọ.
A kò pè é ní àwòkọ.

Kí lo ṣe láàárọ̀ àná?
"Kò sí nǹkan, sà."
Kò sí nǹkan kẹ̀? Èékánná rẹ dúdú.
Ó wolẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
"Bàbá mi ni mo lọ bá ní gáréèjì. Fọkanáísà ni wọ́n.
Táyà ọkọ̀ akómáńgòrò kan ló ń jò.
Wọ́n wá ihò náà títí. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀, sà.
Èmi ni mo ri túùbù bọ omi, tí mo ń yí i díẹ̀díẹ̀,
mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí gbogbo èèyàn dákẹ́.
Ìhó kan ṣoṣo ló jáde, kò tó ọmọ ọkà.
Mo fi ìka dí i.
Mo wá ń bi ara mi pé
báwo ni atẹ́gùn ṣe mọ ọ̀nà tí ojú kò rí."

Ó kù díẹ̀ kí n gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀.
Olùkọ́ ogójì ọdún, ọwọ́ a máa yún un.
Ṣùgbọ́n mo rántí Ládépò,
tí mo bá kọ tirẹ̀ láti òkè délẹ̀,
Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán bí bàtà ọjọ́ ọdún.
Wọ́n pè é, wọ́n jókòó yí i ká,
wọ́n ní kí ló ní lọ́kàn nígbà tó kọ ìlà kẹta.
Ọmọ náà wo òkè àjà.
Ó padà wá bá mi nílé, kò bínú,
ó kàn ní, "Bàtà yín ni, sà. Ó tóbi jù mí lọ."
Mi ò tíì rí èsì fún un di òní.

Mo ní, kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́.
"Ti fọkanáísà? Ṣé wọn ò ní fi mí ṣẹ̀sín?"
Kọ ọ́. Kọ omi ìdọ̀tí inú bàsíà. Kọ ojú bàbá rẹ.
"Tí bàbá mi ò bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ti ojú wọn ńkọ́?"
Ìyẹn, mi ò ní ìdáhùn sí i.
Mo ní kó lọ bi wọ́n.

Ìdájí ló padà dé, n kò tíì fọ ẹnu.
Ìwé kan ṣoṣo, epo dúdú ní igun rẹ̀.
Bàbá ní kó kọ ọ́,
àmọ́ kó fi kún un pé òun ṣì lè tú nọ́ọ̀tì nínú òkùnkùn.
Ó fi kún un.
Àṣìṣe mẹ́ta ni mo rí. Mo fàlà sábẹ́ méjì.
Ẹ̀kẹta, "omi sọ̀rọ̀ kí ojú tó ríran",
nígbà tí mo tún un kà, kì í ṣe àṣìṣe mọ́.

A kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn.
Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀.
Bí mo bá gba gáréèjì kọjá, mo máa ń rí i,
ó dẹ etí sí bàsíà, ó na ọwọ́ kan sókè
pé kí gbogbo wa dákẹ́ ná.