Èjìká Tó Fúyẹ́

Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Cucao,
èmi, bàbá mi Eleuterio, àti òjò winniwinni
tí kì í ya ará Chiloé lẹ́nu.
Mo di búrẹ́dì, mo di wàràkàṣì,
mo di milkáo mẹ́rin tí ìyá mi fi ànàmọ́ dín.
Bàbá wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Eduvina,
kí la fẹ́ lọ gbé bọ̀?"
Mo ní, "Kò sí. A kàn fẹ́ rìn ni."
Ó ní, "A kàn fẹ́ rìn."
Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò.

Etí òkun ló kọ́kọ́ gbà wá.
Ìgbì ń dìde lókèèrè, orí rẹ̀ ń funfun,
ó ń bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà,
ó dé ẹsẹ̀ wa, ó di ìfófòó.
Obìnrin méjì ń fi gìgísẹ̀ wá ìṣáwùrú nínú omi,
wọ́n ń yídìí, wọ́n ń yídìí, iyanrìn ń tú lábẹ́ wọn.
Ọ̀kan ké sí bàbá mi: "Don Teyo, ẹṣin yín dà?"
"Ẹṣin ti kú láti ọdún mọ́kànlá.
Ọmọ mi ló ń fà mí lónìí."

Lẹ́yìn náà ni òkè dé.
Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ mọ́ bèbè àpáta:
ọ̀tún igbó, òsì òfuurufú,
nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún òkun ń bú ramúramù, kò rẹ̀ ẹ́.
Mo di igi mú. Bàbá ò di nǹkan kan mú,
ó ń na ọ̀pá síhìn-ín, ó ń nà á sọ́hùn-ún, bí ẹni ń ka gbèsè:
"Ibí ni Anselmo ti yọ̀. Ẹrù lọ, Anselmo kù.
Ibí ni mo ti jókòó sunkún, ọmọ ọdún méjìlá,
ìdì koríko òkun mẹ́ta lẹ́yìn mi, ìyókù lórí ẹṣin,
ẹni tó máa rà á sì máa ní ó kéré."
Mo ti gba ibẹ̀ kọjá nígbà ogún.
Ibi tó dára fún fọ́tò ni mo máa ń pè é.

Igbó gbé wa mì lọ́sàn-án.
Ewé nálka fẹ̀ ju agbòjò lọ, abẹ́ rẹ̀ la ti jẹun,
òjò ń ro tó, tó, tó lókè orí wa, kò kàn wá.
Ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan, tìbínú-tìbínú ló fi dá a padà.
Ẹyẹ chukáo ké lápá ọ̀tún.
Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ire ni. Ì bá ké lósì,
à bá ti ṣẹ́rí padà."
Àwọn ọ̀dọ́ àlejò méjì pàdé wa, àpò wọn ga ju orí wọn,
òógùn bò wọ́n. Bàbá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rù.
Àgọ́ ni, wọ́n ní, àti aṣọ, àti sítóòfù kékeré.
"Ta ló fẹ́ rà á?"
Wọ́n wo ojú mi. Mi ò ràn wọ́n lọ́wọ́.

A dé Cole Cole, a yíjú padà.
Lórí iyanrìn ni bàbá ti dákẹ́,
ó ń fọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ọ̀tún, òsì,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé ẹlòmíràn.
"Ó fúyẹ́ jù," ó ní. "Ara mi ò balẹ̀."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa koríko òkun tí ìgbì tì sókè,
ó ká a, ó fi ìtì rẹ̀ dì í, ìka rẹ̀ ò ṣìnà,
ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn.
Mo ní kó fún mi. Kò dáhùn.
Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ láti àárọ̀ nà ṣánṣán.

Ibi tó ti sunkún, ó dúró.
Ó tú ìdì náà, ó pín in sí méjì,
ó gbé ìdajì lé mi.
Ó tutù. Ó ń ro omi iyọ̀ sí mi lọ́rùn.
Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.
A ò sọ̀rọ̀ mọ́
títí a fi rí iná Cucao.