Ìbọ̀wọ́ Kásálì

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí iná bá wà,
a máa ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀mọ̀:
èmi onígbàjámọ̀, Ṣóbándé aránṣọ,
Tíṣà Látúndé tó ti fẹ̀yìn tì,
àti Fàtáì tó ń lẹ táyà ní ìdí afárá Láfẹ́ńwá.
A kì í wo ìròyìn.
"Ọjà Ìrántí" là ń wò.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wọ jígí dúdú nínú ilé.
Ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù tí òógùn ti sọ di pupa rúsúrúsú,
ìka méjì ló fi gbé e, bí ẹni gbé òkú eku.
Kò gbóòórùn rẹ̀.
Kò bèèrè ta ló wọ̀ ọ́, bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà.
Ó ní, "Mílíọ̀nù méjì." Orin dún. Wọ́n bọwọ́.
Ṣóbándé pòṣé títí abẹ́rẹ́ tó fi ètè dì mú já bọ́:
"Ẹ wo ọrùn ẹ̀wù yẹn!
Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ nígbà tí náírà ṣì lágbára,
òwú àná ni wọ́n fi rán an?"

Tíṣà ní ká dákẹ́, ká gbọ́ iye tí ìwé ìwọlé yóò lọ.
Òun náà ní mẹ́tàlélógójì nínú agolo bisikíìtì,
gbogbo wọn ti pápá Kútọ̀, gbogbo wọn ti ya létí.

Kí ètò yìí tó dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín wa.
Ìyàwó mi a ní, "Akísà lẹ̀ ń kó jọ, eku ni yóò jogún yín."
Báyìí, ó ń fi káfúrà sí àpótí náà,
ó ń pè é ní "ohun ìní wa".

Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí dé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá Múíbì, opó Kásálì Ọwọ́-Àtè,
rìn wá láti Ìbẹ̀rẹ̀kodò,
ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ kejì.
Kò jókòó. Ó ní àwọn rí i lórí tẹlifíṣàn
pé ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé kan ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì.
Ó ní lọ́jọ́ tí òun kó ti ọkọ òun fún mi,
ọ̀fọ̀ ló fún mi, kì í ṣe òun.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lára ògiri mi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, níbi tí ẹni tí mò ń gẹ̀ yóò ti máa wò ó.
Mo ti fi sọ ìtàn pẹnárítì ọjọ́ yẹn fún ẹgbẹ̀rún orí:
bí Kásálì ṣe fò sọ́tùn-ún, tí bọ́ọ̀lù gba òsì,
tí gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá a jáde.
Ìbọ̀wọ́ kò tilẹ̀ kàn án!

Mo tú u lára ìṣó. Mo fi lé e lọ́wọ́.
Ó gbé e sí imú.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Ọmọ náà ń fa ìró rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ,
fáànù ń yí, kò sẹ́ni tó fọhùn.
Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá wí:
"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò tíì wẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀."

Ó fi tòsì kọ́ padà sórí ìṣó,
ó ki tọ̀tún bọ àyà,
ó lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún wọn.
Fàtáì di orí mú: "Ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan!
Onígíláàsì yẹn kò ní fi kọ́bọ̀ rà á mọ́,
ì báà ṣe tìrẹ, ì báà ṣe ti ìyá náà."
Tíṣà ń nu awò rẹ̀, kò dá sí i.
Iná lọ kí wọ́n tó dá iye lé bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn.
A jókòó sínú òkùnkùn.
Ṣóbándé ní, "Tún un sọ. Ibo ló fò sí?"
Mo ní, "Ọ̀tún. Ọ̀tún ló fò sí."