Bírò Pupa

Àròkọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níwájú mi lálẹ́ yìí.
Iná ti lọ ní Òkè-Baálẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́,
mo gbé tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ sórí ife,
bírò pupa ń yún mi lọ́wọ́.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.
Mo ti ṣàlàyé yìnyín fún ọmọ tí kò rí ju
omi dídì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì.
Mo ní, "Ẹ fojú inú wò ó: òjò funfun, tó ń rọ̀ láìpariwo."
Kàmọ́rù nawọ́: "Tísà, òjò tí kì í pariwo,
báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé kóun sáré ká aṣọ?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
àmọ́ mi ò rí èsì fún un títí aago fi dún.

Lọ́dún tí mo dé, agolo mílíìkì kan wà lórí tábìlì mi.
Ẹni tó bá sọ Yorùbá a ju náírà márùn-ún sí i.
Owó yẹn la fi ń ra ṣọ́ọ̀kì.
A ta èdè ìyá wọn ní náírà márùn-ún márùn-ún
ká lè rí nǹkan kọ ti ẹlòmíì sára pátákó.
Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nígbà náà.
Èmi ni akápò.

Àròkọ àkọ́kọ́. Ọmọ yìí kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé
òun gbọ́ òórùn àgbàdo tí wọ́n ń sun.
Mo fa igi lé "gbọ́". Etí kì í gbọ́ òórùn níbẹ̀.
Àfi bí òórùn àgbàdo ṣe gba ojú fèrèsé wọlé
láti ọ̀dọ̀ ará ilé kejì.
Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo tẹ́tí sí i.

Ìwé Ṣífáwù wà lọ́tọ̀.
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti máàkì í, ó gbé e padà wá lọ́sàn-án òní.
Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ nípa rẹ̀, aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
tí apá rẹ̀ ṣì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.
Wọ́n jí. Wọ́n sẹ́ eérú. Wọ́n kú.
Lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé ogún èèyàn ló jí,
tí ogún èèyàn sì kú.
Ibi mẹ́rìnlá ni mo ti pa ọ̀pọ̀ rẹ́, tí mo kọ ẹyọ lé e lórí.

Ó kúnlẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi.
"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá àgbà ṣe fún yín
tí ẹ fi sọ wọ́n di ọmọdé?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."
Àwọn wo ni "wọ́n"?
Ẹ sì wò ó, láti òkè ni mo ti ń pe màmá arúgbó yìí ní "rẹ̀".

Ìyá tèmi gbálẹ̀ ní ibùdó rélùwéè títí ọkọ̀ fi dẹ́kun wíwá.
Àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀ sí fọ́ọ̀mù mi.
Lálẹ́, mo máa ń túmọ̀ ìwé tí mò ń kà fún wọn,
nígbà kan, ọkùnrin kan tó ń dá gbé létí òkun, tó kú síbẹ̀.
Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé kò ní ẹbí ni?"
Ìgbìmọ̀ ìdánwò kò tíì béèrè ohun tó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní parọ́ fún Ṣífáwù.
Bó bá kọ "wọ́n" lóṣù karùn-ún, wọn á yọ máàkì rẹ̀.
Nítorí náà, pupa dúró.
Mo wá bírò búlúù, àwọ̀ aró, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá:
"Wọ́n ju ẹyọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni kò láyè.
Bá mi kí wọn nínú àdúrà."

Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè.
Ó ku mẹ́rìndínláàádọ́ta.