Ajá-ọdẹ

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ tí n kò mọ̀;
n kò ní ebè kan lórúkọ ara mi.

Ní Ìbarà, ní yàrá ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ omi,
kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, fáànù kan ṣoṣo,
NẸ́PÀ sì ni ọ̀gá àwọn méjèèjì.
Mo kọ ọgọ́fà ìlà
tí yóò máa fi imú fín àṣìṣe nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn.
Mo pè é ní Ajá-ọdẹ.
Èmi ló kọ́kọ́ bù jẹ.

Díísìkì ni mo fi gbé e fún Ṣówándé ní Láfẹ́ńwá;
ó fi àkísà àdìrẹ wé e, nítorí eruku.
Ṣówándé ti kú.
Ajá ṣì ń gbó.

Lánàá, ọmọ Ṣówándé tó kẹ́yìn na fóònù sí mi:
“Bàbá, ẹ wo ohun tó ń bá mi tún kóòdù ṣe.”
Mo wò ó títí.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo ọgbọ́n tuntun,
kọ́mà kan dúró síbi tí kò yẹ,
àṣìṣe tèmi,
bí àlejò tó ti di onílé.

N kò wí nǹkan kan.
Mo ní kó bá mi bu omi wá.