Ìkùukùu Lórí Ìkòkò

Ọyẹ́ ti gba Kétu. Ètè ń là, ilẹ̀ pupa ń bá ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé,
igba ojú ìwé ó lé mẹ́tàdínlógún sì wà níwájú mi
tí mo fi Faransé kọ nípa omi.

Ọdún mẹ́rin. Mo ti ka kànga, mo ti wọn okùn.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Laléyè ní òun kò tíì rí ibi tí mò ń lọ.
"Kí lo fẹ́ sọ gan-an?" Ìbéèrè yẹn ló bá mi wọkọ̀
láti Kútọnu títí dé ẹnu Ìdénà,
ó jókòó tì mí, kò sanwó.

Mọríyíkẹ́, àbúrò mi, ló ní kí n da gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà
kó bá mi sọ ọ́ di ìkùukùu.
Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹnu mọ́ jù ni yóò sanra jù,
èyí tí mo pè lẹ́ẹ̀kan á rù kan eegun.
Ó ní ṣé kí òun ṣa àwọn wẹ́wẹ́ kúrò,
àwọn "sí," àwọn "ti," àwọn "àti"?
Mo ní rárá, ṣebí a jọ ṣiṣẹ́ náà ni.

Ó tẹ̀ ẹ́.
Òjò ṣú lójú gíláàsì.

Mo rò pé omi ni yóò jọba.
Omi kọ́.
"Gẹ́gẹ́ bí" ló nà gbalaja láàrin ojú ọ̀run,
gẹ́gẹ́ bí lámọrín ti wí, gẹ́gẹ́ bí lágbájá ti kọ,
ó dúdú, ó tẹ̀wọ̀n, ó jókòó lé gbogbo ìyókù lórí.
"Bóyá" fara tì í bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Omi kò ju àtàǹpàkò lọ.
Mọríyíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń wá ara mi.

Ní igun ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan dorí kodò.
Mo yí ọrùn. "Òùngbẹ."
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mo mọ ibi tó ti wá: Ọjọ́bọ̀ kan, àgbàlá Ìyá Àdùfẹ́,
ewúrẹ́ ń fara ha ògiri,
ìyá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì
mo sì rọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ní ìlà kan ààbọ̀.

Mo tẹ ìkùukùu náà sórí pépà, mo gbé e lọ bá wọn.
Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn:
"Ìkùukùu lèyí? Òjò rẹ̀ ńkọ́?
Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"
Mo nàka sí i.
Èékánná mi bò ó mọ́lẹ̀.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní láyé àwọn,
tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí igbá ń ha òkúta nísàlẹ̀,
ẹni tó kéré jù nínú ilé ni wọ́n ń so okùn mọ́ níbàdí,
kó lọ bu ìyókù wá.
"Èmi ni. Ọmọ ọdún méje. Àgbà ò gba ibẹ̀.
Ó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ó tutù.
Tí mo bá wòkè, ọ̀run ò ju ẹnu abọ́ lọ.
Gbogbo ilé ń pariwo lókè,
èmi nìkan ni mo mọ iye tó kù."

Wọ́n gba pépà náà lọ́wọ́ mi,
wọ́n fi dé ìkòkò omi wọn nítorí eruku,
wọ́n gbé òkúta kékeré lé e.
Wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀, kí n ra bátìrì rédíò dání.

Lálẹ́ mo pa orí kìíní rẹ́.
Ìlà kékeré yẹn ń ṣẹ́jú sí mi nínú funfun.
"Gẹ́gẹ́ bí" tún fẹ́ yọ́ jáde níka mi,
mo dá a dúró.
Mo kọ òùngbẹ.
Mi ò tíì mọ èyí tó kàn.